Bí Ìyànjú Ṣe Ń Dé Ọkàn Onígbàgbọ́ Tó Ti Rẹ̀wẹ̀sì

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ìjọ tí ẹ máa wọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ ò ní bá ẹni tí agara ti dá. Ẹlòmíì ti palẹ̀ ọjà mọ́ torí pé owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù ti ju èrè lọ. Ẹlòmíì, ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba tó ń tọ́jú arúgbó lóru, òfin tó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 kò jẹ́ kí ẹni tó gba físà irú iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ náà mú aya àti ọmọ dání. Ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì tipẹ́tipẹ́ ṣì ń sùn sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ṣe àmín, ẹrù tí wọ́n sì gbé wá náà ni wọ́n ń gbé padà lọ sílé.

Kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ ò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí nínú Ìwé Mímọ́ ni pé ìyànjú ní ètò. Ó kọ́kọ́ ń tọ́jú ara, ó ń jókòó ti èèyàn, ó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kó tó wá sọ̀rọ̀. Tó bá sì sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń fún ẹni náà níṣẹ́ ṣe àti ẹni tí wọ́n á jọ ṣe é. Ibi ọ̀rọ̀ làwa máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà la sì máa ń parí rẹ̀ sí. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ wa, bó ti wù kó jóòótọ́ tó, kì í fi í wọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lára.

Ìtàn tó fi ètò yìí hàn jù lọ wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ borí àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì ni. Iná ti bọ́ láti ọ̀run, òjò tó ti dá fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ti rọ̀. Èèyàn á rò pé ìdùnnú ló kàn. Àmọ́ Jésébẹ́lì ránṣẹ́ sí i pé tó bá fi máa di ìwòyí ọ̀la, òun á ti pa á. Ẹ̀rù ba wòlíì náà, ó sá títí ó fi dé Bíá-Ṣébà. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kó tó tọrọ ikú, ó ti kọ́kọ́ já ẹnì kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jù sílẹ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á yọ èèyàn kúrò láàárín ẹgbẹ́ ná, á wá máa bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ọlọ́run ò bá a wí. Kò béèrè pé ìgbàgbọ́ tó fi pe iná ńkọ́. Ó jẹ́ kó sùn. Nígbà tí áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ohun tó sọ fún un kò ju pé kó dìde, kó jẹun. Búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí ẹ̀yín iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, omi sì wà níbẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì náà tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó dìde, kó jẹun, ó ní ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Oorun lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò tíì wàásù.

Oúnjẹ yẹn ló fi rìn fún ogójì ọjọ́ títí ó fi dé òkè Hórébù. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Èlíjà tú gbogbo inú rẹ̀ jáde: wọ́n ti wó àwọn pẹpẹ, wọ́n ti fi idà pa àwọn wòlíì, òun nìkan ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ń wá ẹ̀mí òun náà. Ìjì jà, ilẹ̀ mì tìtì, iná jó, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan sì tẹ̀ lé e. Ohùn náà tún béèrè ìbéèrè kan náà. Èlíjà sì tún ro ẹjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, bíi pé kò rí ohunkóhun láàárín méjèèjì. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Ó ti rí agbára Ọlọ́run, ó ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run, ìbànújẹ́ ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́run ò sì torí ìyẹn bínú sí i, ó gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbà yẹn ló wá fún un níṣẹ́. Kó lọ fi òróró yan Hásáẹ́lì, kó yan Jéhù, kó sì yan Èlíṣà tó máa rọ́pò rẹ̀. Ìgbà yẹn náà ló tó sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ló kù, pé àwọn 7,000 wà ní Ísírẹ́lì tí wọn ò tíì kúnlẹ̀ fún Báálì. Nígbà tí orí náà fi máa parí, Èlíṣà ti fi oko tó ń ro sílẹ̀, ó ti ń tẹ̀ lé Èlíjà kiri. Ọkùnrin tó dá wọ aginjù ti ní ẹni tí wọ́n jọ ń rìn.

Àwa náà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà nínú ìṣòro pé “ìwọ nìkan kọ́.” Òótọ́ ni, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tó sọ ọ́. Ó ti jẹ́ kó sùn, ó ti bọ́ ọ, ó ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọn ò tíì gbọ́ tirẹ̀, tí wọ́n sì ti ń sọ fún un pé àwọn tí tiwọn burú jù wà, ńṣe ló máa rò pé wọ́n ní kí òun panu mọ́.

Pípanumọ́ yìí ti di àìsàn láàárín wa. Ohun tó dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ẹni tó bá sọ ohun tó ń dùn ún ni wọ́n ń wò bí ẹni tí kò nígbàgbọ́. Ẹ béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní “ó ti dáa, ògo ni fún Ọlọ́run.” Kì í purọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á kó má baà fẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún ara rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun téèyàn bá jẹ́wọ́ ló máa rí. Ẹ̀kọ́ yẹn rọrùn fún etí Yorùbá láti gbà, àwa tí a mọ agbára ọ̀rọ̀ ẹnu tipẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú Bíbélì tí a gbé dání. Nínú 150 Sáàmù, àwọn tó jẹ́ ẹkún àti ẹ̀dùn ọkàn pọ̀ gan-an. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì parí nínú òkùnkùn, kò sí ẹsẹ tó yí ohùn padà sí ayọ̀. Ìwé odindi kan wà tó ń jẹ́ Ẹkún Jeremáyà. Jésù fúnra rẹ̀, lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22 ló fi ké, Sáàmù ẹni tó rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀.

Jóòbù náà ńkọ́? Ó bú ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ní kí Ọlọ́run wá bá òun ṣẹjọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ẹ̀mí, wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run, wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó fa ìyà. Nígbà tí Ọlọ́run wá dá ẹjọ́ náà ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ló bínú sí. Ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ṣe sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe tó dáa wà ní orí kejì: wọ́n kúrò nílé, wọ́n wá, wọ́n sunkún, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ká ní wọ́n gbéra lọ sílé ní ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rẹ́ àtàtà ni ayé ì bá máa pè wọ́n títí dòní.

Ìdárò yàtọ̀ sí kíkùn. Ẹni tó ń kùn ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn. Ẹni tó ń dárò dojú kọ Ọlọ́run, ó ń bá a wíjọ́, torí náà àjọṣe wọn ò tíì já. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú Sáàmù 13 torí pé kò gùn, ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀dùn: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé títí dìgbà wo. Ẹsẹ méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tó ṣe tààrà. Méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ kà á sókè kí etí yín gbọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín sí ipò tirẹ̀: orúkọ àìsàn yẹn gan-an, iye owó ilé tí ẹ jẹ gan-an, orúkọ ọmọ tí kò pè yín mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ lè sọ lóòótọ́ lónìí, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ padà wá lọ́la. Ní èdè Yorùbá ni kí ẹ ṣe é, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ti fi èdè Òyìnbó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè yìí. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ yín lẹ́kún ló yẹ kí ẹ fi sunkún sí Ọlọ́run.

Àwọn kan á ní Dáfídì gba ara rẹ̀ níyànjú, pé èèyàn ò nílò ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Síklágì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 30. Wọ́n ti jó ìlú náà, wọ́n ti kó àwọn ìyàwó àti ọmọ lọ, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sunkún títí agbára ẹkún fi tán, àwọn èèyàn rẹ̀ náà wá ń sọ pé àwọn á sọ ọ́ lókùúta. Ó wá mú ara rẹ̀ lọ́kàn le nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé díẹ̀ padà sẹ́yìn, sí orí 23. Nígbà tí Dáfídì ń sá fún Sọ́ọ̀lù nínú igbó Sífì, Jónátánì gbéra, ó wọ inú igbó náà lọ bá a, ó sì mú un lọ́kàn le nínú Ọlọ́run. Ọmọ ọba fi ààfin sílẹ̀, ó lọ jókòó ti ẹni tí bàbá rẹ̀ ń wá láti pa. Ẹni tí ẹnì kan ti ṣe irú èyí fún rí ló ní nǹkan tó lè rántí lọ́jọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Torí náà, tí ẹ bá ń wá ìyànjú, ohun tó ṣòro jù tí mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ sọ fún ẹnì kan. Gbogbo ìjọ kọ́. Ẹnì kan tó mọ àṣírí pa mọ́, tí kì í sì í yára fèsì. Pọ́ọ̀lù tó kọ lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Tuntun ò tijú láti ṣe é. Nínú Tímótíù Kejì orí 4, inú ẹ̀wọ̀n ló wà tó ti ń kọ̀wé pé kí Tímótíù tètè wá, kó wá kí ìgbà òtútù tó dé, kó bá òun mú agbádá tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì àti àwọn ìwé òun, kó sì mú Máàkù dání. Ó dárúkọ ohun tó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bínú pé ẹnikẹ́ni ò wá wo wá, nígbà tó jẹ́ pé a ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó tún dára kí ìjọ ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi máa jáde láìjẹ́ pé aláìsàn ló máa wá oníṣègùn kiri. Ẹ̀yin Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà mọ owó kíláàsì dáadáa, àmọ́ bóyá ẹ ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Bristol, lórílẹ̀-èdè England, ní 1742, gbèsè ilé ìjọsìn ń yọ àwọn ọmọ ìjọ John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, lẹ́nu. Wọ́n pín àwọn ọmọ ìjọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ èèyàn bíi méjìlá, wọ́n ní kí aṣáájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn aṣáájú yìí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bá ohun tí wọn ò mọ̀ pàdé: ìjà láàárín tọkọtaya, àìsàn, ọtí, ebi. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ ló dé yìí, ó sì sọ ọ́ di ètò àbójútó ọkàn. Nígbà tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, kíláàsì wà lára ohun tí Mẹ́tọ́díìsì mú wá. Ó dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, owó ló ṣẹ́ kù nínú kíláàsì, wọ́n ń fi bánkì ránṣẹ́ báyìí, àbẹ̀wò tó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ sì ti kú. Olórí kíláàsì tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àbẹ̀wò yẹn padà.

Ó wá ku bí èèyàn ṣe ń gba ẹlòmíì níyànjú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná jó ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta aṣọ. Èèyàn mẹ́fà láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Ìyá náà rán ọmọ lọ ra mínírà mẹ́fà nínú owó tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ẹnì kan ní Ọlọ́run tó fún un ló gbà á. Ẹnì kan fọgbọ́n béèrè bóyá ó ń san ìdámẹ́wàá déédéé. Ẹnì kan sọ ti àbúrò rẹ̀ tí iná jó òun àtọmọ mọ́lé. Wọ́n dìde, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú gbàdúrà lé àwọn ọ̀tá, wọ́n mu mínírà wọn tán, wọ́n lọ. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá lóòótọ́, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n dá kún ẹrù ìyá náà. Láti alẹ́ yẹn ló ti ń wo ọ̀gbẹ́ni tó ń kí i káàárọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kejì pé àbí òun ni ọ̀tá tí wọ́n wí.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Obìnrin méjì ló wá, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ àti omi dání kí ẹnikẹ́ni má baà wá ohun tó máa fi ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n ní “ẹ kú ìrọ́jú o, Mummy, Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí,” wọ́n sì jókòó. Ọ̀kan béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò sì já lu ọ̀rọ̀ títí ìyá náà fi sọ ọ́ tán, kódà nígbà tó ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kẹta. Èkejì ti wọ ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí iná ti jó. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n béèrè ohun kan pàtó: ta lẹ jẹ lówó tí kò ní jẹ́ kí ẹ sùn? Ó wá hàn pé owó gbómú-lé-lántà ni, pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Wọ́n ṣàdéhùn láti bá a lọ bẹ̀ wọ́n. Àdúrà tí wọ́n gbà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ohun tí ìyá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ sì ni wọ́n tọrọ lé lórí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n tún ń bọ̀, wọ́n sì wá lọ́jọ́ náà.

Kò sí ohun tó ṣòro nínú àbẹ̀wò kejì yìí. Jákọ́bù ti sọ ọ́ tipẹ́, ní orí kejì lẹ́tà rẹ̀, pé ẹni tó bá sọ fún ẹni tí kò láṣọ, tí kò rí jẹ, pé kó máa lọ ní àlàáfíà, tí kò sì fún un ní nǹkan kan, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ fi owó sínú ẹ́ńfílóòpù bó ti wù kó kéré mọ. Tí ẹ bá fẹ́ ka Bíbélì, ẹsẹ kan tó, kí ó sì jẹ́ èyí tó ti gbé ẹ̀yin náà ró rí. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Kọ́ríńtì Kejì nìyẹn, pé ìtùnú tí Ọlọ́run fi tù wá nínú la fi ń tu ẹlòmíì nínú. Ẹ má sọ ìdí tí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì ríran fún ẹni tí kò ní kí ẹ ríran fún òun.

Àwọn kan á ní àwọn ò lẹ́bùn ọ̀rọ̀ sísọ. Kọ́ríńtì Kejì kan náà, orí 7, dá wọn lóhùn. Pọ́ọ̀lù ní nígbà tí àwọn dé Makedóníà, ara àwọn ò balẹ̀, ìjà wà lóde, ẹ̀rù wà nínú, Ọlọ́run sì fi dídé Títù tu àwọn nínú. Kò rí ìran, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Títù wọlé. Onẹ́sífórù náà kò ní ìwàásù kan nínú Bíbélì. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń dúpẹ́ lé lórí nínú Tímótíù Kejì orí kìíní ni pé nígbà tó dé Róòmù, ó fi tọkàntọkàn wá òun kiri títí ó fi rí òun, kò sì tijú pé òun wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó jìnnà lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ó má gùn, kí ó sì má béèrè èsì. “Mo rántí yín láàárọ̀ yìí, mo gbàdúrà fún yín, ẹ má fi dandan dá mi lóhùn” ti tó fún ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní London.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ìṣòro tí kò lọ. Ẹ rántí Samuel Ajayi Crowther. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn tó ń kó ẹrú kó Ọ̀ṣoògùn ní 1821, tí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́, tó sì di àlùfáà ní 1843. Ọdún 25 kọjá kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra, ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà ṣèrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ìtàn yìí máa ń mú inú wa dùn, a sì ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ.

Apá kejì la kì í sọ. Wọ́n fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1890, nígbà tó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti England gba àbójútó iṣẹ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lórí odò Niger, wọ́n lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, òun náà sì fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, wọn ò tíì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò yingin. Ẹni kan náà tí Ọlọ́run dá ìyá rẹ̀ padà fún ni kò rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà kó tó kú. Tí ìjọ bá ń jẹ́rìí, ó yẹ kí ààyè wà fún ẹ̀rí irú apá kejì yìí: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò padà, tí ara rẹ̀ ò yá, tó sì wà nínú ilé Ọlọ́run lónìí. Ẹni tí tirẹ̀ ò tíì dáa lè rí ara rẹ̀ nínú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn tún wà tó ti kọjá ohun tí àbẹ̀wò nìkan lè yanjú. Tí oorun bá ti kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ ò lọ, tí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ rí ọmọ náà mọ́, tàbí tó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, àìsàn ti wọ̀ ọ́, dókítà ló sì yẹ kó rí i. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ bá a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú egbòogi. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù nígbà tó kọ Tímótíù Kejì nínú ẹ̀wọ̀n ni Lúùkù, oníṣègùn sì ni Lúùkù. Nílẹ̀ wa níbí, ní Àró, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo fi hàn pé ara àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe máa ń yá tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú ọsibítù tí wọ́n sì ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òògùn àti èèyàn jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkókò, torí ìyànjú kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nílé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àga kì í tó títí di ọjọ́ kẹjọ. Lóṣù kẹta, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́, ìgbà náà gan-an ni owó ilé ìwé dé, tí aṣọ ẹni tó lọ ṣì wà lórí ìkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ronú kan ẹni tí ẹ bá kẹ́dùn nínú oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ ò tíì padà lọ wò. Ẹ pè é lórí fóònù lónìí, ẹ béèrè ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì gbé oúnjẹ dání tí ẹ bá ń lọ.